Fọ́ọ̀mù, ìjókòó, àbí ìpè fóònù: èwo ni kí fásitì fi mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn èèyàn rẹ̀?

Ìpàdé kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ọ́fíìsì ìròyìn fásitì kan la wà, a fẹ́ pinnu ibi tí a ó ti máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde sọ̀rọ̀. Ọ̀gá kan ní Facebook ni wọ́n wà. Ẹlòmíì ní rárá o, WhatsApp ni. Àgùnbánirọ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa ní Instagram ni. Odindi wákàtí kan la fi fà á, kò sí ẹni tó bi ẹnikẹ́ni pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ibi tí olúkúlùkù ti ń lo fóònù tirẹ̀ ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ló borí, a ṣí ojú ìwé Facebook tuntun. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́ta, àwa òṣìṣẹ́ la ń kí ara wa kú iṣẹ́ níbẹ̀.

Nítorí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ìfiwéra yìí. Ó wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìròyìn, ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́jáde tàbí ẹ̀ka ìgbaniwọlé, tí wọ́n ní kó lọ ṣèwádìí, tí wọn kò sì fún un lówó tó nǹkan.

Ohun tí mo fi ń wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó yan ọ̀nà kankan, ẹ kọ ìpinnu tí èsì ìwádìí náà máa yí padà sílẹ̀. "A fẹ́ mọ èrò wọn" kì í ṣe ìpinnu. "Ṣé oṣù Kẹjọ ni ká ṣe ìpàdé ọdọọdún àbí oṣù Kejìlá?", ìpinnu nìyẹn. Bí kò bá sí ohun tí ẹ máa ṣe yàtọ̀ lẹ́yìn tí èsì bá dé, ẹ fi àwọn èèyàn sílẹ̀ kí wọ́n sinmi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè pé: ta ni ọ̀nà yìí kì í gbọ́? Mo fi ìbéèrè yìí ṣáájú owó. Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi káàdì ìbò ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn kí wọ́n lè mọ ẹni tó máa di ààrẹ. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì tó dá a padà. Wọ́n kéde pé Alf Landon ló máa wọlé. Franklin Roosevelt ló wọlé, ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ló sì mú. Inú ìwé tẹlifóònù àti àkọsílẹ̀ àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ orúkọ wọn, lásìkò tí mẹ̀kúnnù kò ní fóònù, kò ní mọ́tò. Àwọn tó dáhùn pàápàá kò jọ àwọn tó dákẹ́. George Gallup, olùwádìí èrò aráàlú, bi èèyàn tó kéré sí ìyẹn jìnnà, ó sì sọ ẹni tó máa wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn nìkan kò tó. Ẹni tí wọ́n jẹ́ ló ṣe kókó.

Owó ló tẹ̀ lé e, kí ẹ sì ka àsìkò òṣìṣẹ́ mọ́ owó. Ìkẹyìn ni òfin. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní Òfin Ààbò Dátà, ìyẹn Nigeria Data Protection Act. Iléeṣẹ́ tí wọ́n bá kà sí pàtàkì tó sì ṣẹ̀ sí i lè san mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Bí ẹ bá rántí iye group WhatsApp tí ẹnì kan ti da nọ́ńbà igba èèyàn sí láìtọrọ àyè, ẹ ó mọ̀ pé a ò tíì gba òfin yìí gbọ́.

Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì

Òun ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń sáré sí, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Google Forms kò gba kọ́bọ̀, èsì ń to ara rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ sì lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ iye lẹ nílò, pé mélòó ló fẹ́ èyí, mélòó ló fẹ́ tọ̀hún, kò sí ohun tó rọrùn tó o.

Ibi tí wàhálà wà ni bí a ṣe ń mú ẹni tí a ó bi. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ kì í mu odindi ìkòkò kó tó mọ̀ pé iyọ̀ dá. Bó bá ti rò ó pọ̀ dáadáa, ṣíbí kan tó, ì báà jẹ́ ìkòkò ìnáwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèyàn 400 tí ẹ fi ìbò mú, bí ẹni ń ṣẹ́ gègé, láti inú orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa fún yín ní èsì tí kì í sábà fi ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, yálà akẹ́kọ̀ọ́ yín jẹ́ 10,000 tàbí 40,000, bí àwọn tí ẹ mú bá dáhùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ ju líǹkì sínú group WhatsApp kì í ṣe ìbò. Ojú ọbẹ̀ nìkan lẹ bù yẹn, ẹ ò rò ó. Ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn lè dáhùn, kí èsì náà sì ṣì yín lọ́nà, torí pé ẹni tó fẹ́ràn yín jù àti ẹni tí inú ń bí sí yín ló ń ráyè tẹ líǹkì. Àwọn tó wà láàárín ti kọjá lọ.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ìbéèrè mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀, torí gbogbo ẹ̀ka ló ní kí n fi tiwọn sí i. Ilé ìkàwé mú mẹ́rin wá, àwọn eléré ìdárayá mú mẹ́fà. Akẹ́kọ̀ọ́jáde kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi pè mí, ó ní inú bọ́ọ̀sì lòun wà ní Ìwó Road, òun dé ìbéèrè kọkànlá, dátà òun tán. Ní báyìí, bí ìbéèrè bá ti ju mẹ́jọ lọ, ara mi kì í gbà á. Mo sì kọ́kọ́ máa ń fún èèyàn márùn-ún kí wọ́n dáhùn lójú mi, lórí fóònù, kí n rí ibi tí ojú wọn ti ń rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wa ní ohun mìíràn. Láti 2005 ni wọ́n ti ń ṣe National Student Survey, níbi tí wọ́n ti ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá bí ẹ̀kọ́ wọn ṣe rí. Òfin ìwádìí náà ni pé bí iye akẹ́kọ̀ọ́ tó dáhùn ní fásitì kan kò bá tó ìdajì, wọn ò ní gbé èsì rẹ̀ jáde. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má dáhùn, nítorí ètò tí ìjọba fẹ́ lo èsì náà fún ní í ṣe pẹ̀lú àfikún owó ilé ìwé. Oxford àti Cambridge wà lára àwọn tí èsì wọn kò jáde lọ́dún náà. Fọ́ọ̀mù kò bàjẹ́ o. Àwọn tí wọ́n ń bi ló wo ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìdáhùn wọn ṣe, wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Ọmọ tiwa náà gbọ́n bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù tó béèrè nọ́ńbà mátíríkì lókè, tó wá béèrè èrò nípa olùkọ́ nísàlẹ̀, oríkì olùkọ́ lẹ máa rí kà.

Ìjókòó ìjíròrò

Èèyàn mẹ́fà sí mẹ́wàá ni ẹ máa kó jọ, ẹnì kan á máa dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹnì kan á máa kọ ọ́. Robert Merton àti Paul Lazarsfeld, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ, ni a máa ń dárúkọ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, ní Yunifásítì Columbia ní New York ní 1941, nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ètò rédíò ń ṣe lọ́kàn àwọn olùgbọ́.

Ohun tí fọ́ọ̀mù ò lè fún yín ni èyí máa fún yín: ìdí. A ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde rí nínú fọ́ọ̀mù pé kí ló dé tí wọn kì í wá sí ìpàdé ọdọọdún. "Àyè kò sí," ni púpọ̀ wọn kọ. Nígbà tí a jókòó tì wọ́n, lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí mo bá wá, wọ́n á pe orúkọ mi síbi ìdáwó lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ti di ọ̀gá ńlá. Kí ni màá na ọwọ́ sókè fi sọ?" Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Kò sí fọ́ọ̀mù tó máa gbé ìyẹn jáde. Èyí tó kàn ni pé a yọ ìdáwó kúrò lójú agbo.

Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá ní ìṣòro tiwa pẹ̀lú ọ̀nà yìí. Ẹ kó bàbá tó jáde ní 1974 àti ọmọ tó jáde ní 2016 sórí tábìlì kan náà. Bí bàbá bá ti ní "nǹkan ń lọ dáadáa níbẹ̀," ta ni ọmọ tó máa ní rárá? Bí bàbá ṣe wí náà ni. Ẹ ya àwọn set sọ́tọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́dọ̀ gíwá darí ọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti fẹ́ sọ nípa gíwá.

Owó ọkọ̀, ìpápánu àti ọ̀sán òṣìṣẹ́ méjì ló máa ná yín fún ìjókòó kan. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì lẹ nílò kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jọra. Fún àwọn tó wà ní London tàbí Houston, Zoom dára, àmọ́ ẹ rántí pé aago mẹ́jọ alẹ́ Ìbàdàn, ọ̀sán iṣẹ́ ni ní Houston. Ohun kan tí mo bẹ̀ yín: ẹ má sọ èsì ìjókòó di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́rin nínú èèyàn mẹ́jọ kì í ṣe ìdajì akẹ́kọ̀ọ́jáde yín. Èèyàn mẹ́rin ni.

Ohun tí wẹ́ẹ̀bù àti ìkànnì ń kọ sílẹ̀ fúnra wọn

Agbára ọ̀nà yìí ni pé kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó kàn ń wo ohun tí wọ́n ṣe ni. Ẹnu á sọ pé òun ń ka ọ̀rọ̀ ìkíni gíwá. Google Analytics, irinṣẹ́ tó ń ka ohun tí àlejò ń ṣe lórí wẹ́ẹ̀bù, á fi hàn yín pé ojú ìwé owó ilé ìwé ni wọ́n ṣí tààrà, wọ́n sì jáde. Ọ̀fẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ sì ni àlàyé tí Facebook àti Instagram ń fún oní ojú ìwé. Fún ẹ̀ka ìgbaniwọlé tó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń sú ọmọ tó ń wá àyè, mi ò rí ohun tó tó o.

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹ̀ wò. Líǹkì tí wọ́n bá tẹ̀ láti inú WhatsApp kì í sábà sọ ibi tó ti wá, nítorí náà abẹ́ "Direct" ni Analytics máa ń tò ó sí, bí ẹni pé onítọ̀hún fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àdírẹ́sì yín. Ní ìlú tí WhatsApp ti ń gbé ìròyìn kiri tó báyìí, ìyẹn túmọ̀ sí pé ọ̀nà tó tóbi jù ni ojú yín ò rí. Ẹ fi àmì UTM, ọ̀rọ̀ kúkurú tó ń sọ ibi tí líǹkì ti wá, sí ìdí líǹkì kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, òun ló sì máa yanjú àríyànjiyàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ètò kan tún wà nínú GA4, ìyẹn Google Analytics ti ìsinsìnyí, tí ọ̀pọ̀ kì í fọwọ́ kàn: oṣù méjì péré ló máa ń tọ́jú kúlẹ̀kúlẹ̀ ohun tí àlejò ṣe, àfi bí ẹ bá yí i sí oṣù mẹ́rìnlá. Fásitì tó fẹ́ fi kúlẹ̀kúlẹ̀ àsìkò ìgbaniwọlé ọdún yìí wé ti èṣí máa dé ibẹ̀ bá ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ lọ yí i lónìí.

Ẹ sì ṣọ́ra bí ẹ bá ń fi ọdún kan wé òmíràn. ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá 2022. Ní 1 oṣù Keje 2023, Google pa Universal Analytics, ìyẹn Google Analytics àtijọ́, GA4 sì ń ka nǹkan lọ́nà tirẹ̀. Ẹni tó bá wá yọ̀ pé àlejò 2023 ju ti 2022 lọ, ọdún tí géètì wà ní títì ló fi wé ọdún tí wọ́n pààrọ̀ òṣùwọ̀n. Bákan náà ni àsìkò tí ìjọba ti Twitter pa, láti oṣù Kẹfà 2021 sí oṣù Kìíní 2022. VPN, ìyẹn ètò tó ń fi ibi tí èèyàn wà pamọ́, ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ń wọlé, ibi tí VPN bá sì mú ni dátà ń kà wọ́n sí. Ẹni tó wà ní Ṣágámù lè di ará Netherlands nínú ìròyìn yín.

Àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín, àti fóònù

Mo kó méjèèjì pọ̀ torí pé ọ̀kan ò lè rìn láìsí èkejì. Ẹ lè pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé nìkan. Àkọsílẹ̀ ilé ìwé ni ohun ìwádìí tó rọjú jù, òun náà la sì ń fojú fò jù.

Ẹ ṣí fáìlì, ẹ ó rí ìtàn orílẹ̀-èdè yìí níbẹ̀. Oṣù Kẹjọ 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó jáde ṣáájú ìgbà náà, nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ ló kọ sílẹ̀, bóyá ti iléeṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní nọ́ńbà, àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn SIM wọ̀nyẹn ti kú, àwọn mìíràn sì lọ nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dí èyí tí wọn kò so mọ́ NIN. Àwọn obìnrin ti pààrọ̀ orúkọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, nítorí náà ẹ̀rọ á kà wọ́n sí ẹni méjì tàbí kó má rí wọn rárá. Ilé ìwé pàápàá ti pààrọ̀ orúkọ: Yunifásítì Ifẹ̀ di Obafemi Awolowo University ní 1987, ó sì ṣì ń rí bákan lára ẹni tó jáde ṣáájú ìgbà náà bí fọ́ọ̀mù bá pè é ní ọmọ OAU. Àwọn àgbà kan ń bẹ tó gba oyè London ní Ìbàdàn, torí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì abẹ́ London ni ibẹ̀ láti 1948 títí di 1962. Bí ẹ bá ń ya àwọn èèyàn yín sí ìsọ̀rí, irú nǹkan wọ̀nyí ló ń pín wọn, ju ọjọ́ orí lásán lọ. Ẹ máa béèrè ọdún tí wọ́n wọlé àti ọdún tí wọ́n jáde, torí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ti jẹ́ kí set di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn.

Ní ti ìpè, akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni kí ẹ gbé e fún, kí ẹ san owó fún wọn, kí ẹ sì fún wọn ní káàdì. Ó gba owó ju fọ́ọ̀mù lọ, ó sì ń tánni ní sùúrù: ọ̀pọ̀ kì í gbé nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀, àwọn tó gbé e á rò pé ọmọ Yahoo ni. Bí alága set bá ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ méjì ṣáájú pé ilé ìwé máa pè, nǹkan á yàtọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ń gbọ́ ẹni tí kì í tẹ líǹkì: ìyá tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀ṣogbo, tí ojú rẹ̀ kò gba kí ó máa ka lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ẹ sọ fún un pé ó lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp bó bá wù ú. Ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀.

Méjì yòókù, ní ṣókí

Àwọn ará ìlú tó gba fásitì lálejò kì í sí nínú fọ́ọ̀mù kankan. Rédíò ni tiwọn. Diamond FM wà ní Fásitì Ìbàdàn lórí 101.1, UNILAG FM lórí 103.1, FUNAAB FM ní Abẹ́òkúta lórí 89.5. Ètò Yorùbá tó gba ìpè ń fi ohun tó ń dun àwọn àgbẹ̀ àti onímọ́tò hàn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pè máa ń jẹ́ àwọn kan náà, nítorí náà ẹ má kà wọ́n.

Ẹ lè gbé iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ olùwádìí. Ó wọ́n. Ohun tí ẹ ń sanwó fún gan-an ni pé àwọn èèyàn á sọ òótọ́ fún àjèjì. Bí ẹ bá gbé e fún wọn, ẹ gba dátà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ìwé aláwọ̀ mèremère nìkan.

Ta ni kó mú èwo

Ẹ̀ka ìgbaniwọlé: ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Analytics, kí ẹ wá mú ọmọ mẹ́jọ tó ń wá àyè, kí ẹ jókòó tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń lo wẹ́ẹ̀bù yín.

Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé ìwé fẹ́, tó sì ní orúkọ gbogbo wọn lọ́wọ́: fọ́ọ̀mù ni, pẹ̀lú ìbò, láìbéèrè mátíríkì, ìbéèrè mẹ́jọ ó pẹ́ tán. Fásitì tuntun tí set rẹ̀ kò tíì ju márùn-ún lọ lè fi fọ́ọ̀mù nìkan ṣe gbogbo rẹ̀, torí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì wà lórí WhatsApp kan náà.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ owó, ìtìjú tàbí ìbínú, ìjókòó ni kí ẹ mú. Mi ò gba ẹ̀bẹ̀ lórí ìyẹn.

Ilé ìwé tó ti pẹ́, tí akẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ tú ká, tí kò sì sí owó: ẹ mú orúkọ ogún láti inú fáìlì, ẹ pè wọ́n. Mo ti ṣe é rí, káàdì àti ọjọ́ méjì ló gbà. Nínú ogún, mẹ́sàn-án ló gbé e. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá àgbàlagbà kan, ní kí n dúró lórí ìlà, ó lọ mú ìwé àjákọ kan tó kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n sí, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, àti ẹni tó ti kú. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ́kọ́ bá wa bi wọ́n bóyá wọ́n gbà ká pè wọ́n." Ọjọ́ kẹta ni ohùn rẹ̀ wọlé lórí WhatsApp: mọ́kàndínlógún gbà, mẹ́ta ò gbà, àwọn yòókù ni kò tíì rí.